Èmi Ni Wọ́n Ní Kó Ṣọ́ Ọgbà Náà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó ṣeé ṣe kí n ti kú kí ó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, wọ́n dà á nù. Ìwé mi ti wà lórí tábìlì Gómìnà ológun báyìí, ohun tó kù kò ju kí ó fọwọ́ sí i lọ. Láràárọ̀, bí wọ́ọ̀dà bá ti ń bọ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀, gbogbo àwa tí a wà ní ìlà yìí a dákẹ́, a óò máa ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá kọjá iwájú yàrá mi, n óò mí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ó bá dúró, ó parí nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó dúró níwájú yàrá kẹta sí tèmi. Múfútáù ló wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ẹni tí a jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Kò pariwo. Bí wọ́n ti ń mú un kọjá, ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ní, "Mo wà níbí." Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ fún lèmọ́mù tó máa ń wá wàásù fún wa lọ́jọ́ Jímọ̀ pé kí ó bá mi wá bébà àti bírò. Mo fẹ́ sọ bí ó ti ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ ní kọ́ọ̀tù kò kún tó.

N kì í ṣe ọlọ́ṣà láti ilé. Aṣọ́nà ni mí. Èmi ni wọ́n gbà pé kó máa lé olè.

Kémta ní Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Ìtòkú, bàbá tirẹ̀ náà sì ta aṣọ níbẹ̀ kí ó tó kú. Ilé mùsùlùmí, ilé oníṣòwò ni wọ́n mọ ilé wa sí. Nígbà tí bàbá mi jáde láyé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jókòó sí ìsọ̀. Èmi kò lójú ọjà. Aláró ni ìyá mi. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lóṣù ààwẹ̀ tí ó máa ń dín iṣẹ́ kù, dúdú náà a ṣí díẹ̀, a di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n kò lọ tán rí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ gbogbo ìyá ṣe máa ń rí.

Mo ka ìwé dé ilé ìwé módà. Mo ṣe iṣẹ́ síhìn-ín, mo ṣe é sọ́hùn-ún, kí n tó wọ iṣẹ́ sẹ́kúrítì ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lójú ọ̀nà Èkó, kí a tó dé Ìtòrí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ náà kò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ńláńlá ló wà níbẹ̀, àti kòtò tí wọ́n ti ń se òróró pọ̀ di ọṣẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni sítọ́ọ̀ kan wà tó dá dúró, níbi tí wọ́n ń kó àgbá kọ́sítíìkì sí. Kọ́sítíìkì yìí ni àwọn aláró náà ń lò kí aró lè mú aṣọ dáadáa. Ó funfun bí iyọ̀, ó sì ń jẹ ẹran ara bí iná.

Bàbá Ṣóbándé ni olórí àwa aṣọ́nà. Arúgbó tó dúró ṣánṣán ni, ó ti bá àwọn òyìnbó lọ jagun dé Bọ́mà nígbà èwe rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ kan tí kì í lọ kákí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́, ó mú mi lọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀, ó bi mí pé:

"Ọmọ mi, kí lo rò pé wọ́n ṣe mọ ọgbà yìí sí?"

"Kí olè má baà wọlé ni, Bàbá."

"Apá kan nìyẹn." Ó da ìwọ̀nba kọ́sítíìkì sínú àwo irin, ó da omi lé e. Ó hó ṣìì, èéfín sọ. Ó ju ìyẹ́ adìẹ kan sí i, ó sì ní kí n máa wò ó. Nígbà tí yóò fi di ìgbà díẹ̀, ìyẹ́ náà ti yọ́, a kò rí i mọ́. "Ṣé o rí i? Èyí kò mọ olè yàtọ̀ sí ọmọlúàbí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, iyọ̀ ni yóò pè é. A fi ọgbà yìí gba ẹrù ọ̀gá lọ́wọ́ ará ìta, a sì tún fi gba ará ìta lọ́wọ́ ẹrù ọ̀gá. Bí ọgbà bá ya, ìhà méjèèjì ló ya."

Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba géètì jáde láìjẹ́ pé a yẹ àpò rẹ̀ wò, ì báà ṣe dírẹ́bà mánéjà. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, kí ó tún kọ ọ́ nígbà tó bá dá a padà. Aṣọ́nà gbọ́dọ̀ yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, kí ó sì kọ ohun tó bá rí. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún tí a ta mọ́ òpó irin ni ọgbà wa. Bí Bàbá bá ń yí i ká, yóò máa fi ọ̀pá rẹ̀ kan òpó kọ̀ọ̀kan, gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n. Ó ní òpó tó bá ti mì, ohùn rẹ̀ a yàtọ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ẹ máa rò pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọdún kejì mi níbi iṣẹ́ ni nǹkan wọ́n jù lọ. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí ìjọba, gbogbo ènìyàn ń tò láti ra mílíìkì àti ṣúgà. Kọ́sítíìkì di ohun àwátì ní Kémta. Àbùlà ni èyí tó bá wọ ọjà, iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo dé ilé, mo bá ìyá mi lórí àpótí nídìí ìkòkò aró. Aṣọ oníbàárà tó tẹ́ sílẹ̀ ti bàjẹ́. Aró kò mú wọn, gbogbo rẹ̀ rí pátipàti bí ara adẹ́tẹ̀. Kò sunkún, kò sì bẹ̀ mí ní ohunkóhun. Ó kàn ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìdérí àgbá kan fọ́ ní sítọ́ọ̀, díẹ̀ dà sílẹ̀. Mánéjà ní kí àwọn lébírà gbá a jọ, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Èmi ni mo dúró tì wọ́n. Nígbà tí wọ́n yí ẹ̀yìn padà, mo bu ìwọ̀n agolo mílíìkì kan, mo fi sí abẹ́ àwo oúnjẹ nínú àpò mi. Mo wí fún ara mi pé ohun tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun ẹnikẹ́ni.

Bí mo ti dé géètì nírọ̀lẹ́, Bàbá Ṣóbándé na ọwọ́ sí àpò mi, bí ó ti máa ń ṣe sí gbogbo ènìyàn. Lójijì ni ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ìwọ náà kẹ̀? Máa lọ sílé, ọmọ mi. Kí ìyá rẹ o."

Bí ó bá ṣí àpò náà ni, wọn ì bá lé mi kúrò níbi iṣẹ́. Ojú ì bá tì mí fún oṣù kan, bóyá méjì. Òun ì bá sì wà láàyè. Mo ti ro ọwọ́ tó fà sẹ́yìn yẹn títí, orí mi fẹ́ẹ̀ dàrú.

Ìyá mi tú agolo náà wò. "Níbo lo ti rí i?"

"Wọ́n fún mi níbi iṣẹ́ ni, Ìyá mi. Wọ́n fẹ́ dà á nù."

"Háà! Ọkọ mi, bí o ti rántí mi yìí, Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ."

Mo ṣe àmín. Nígbà kejì, kò sí àgbá kankan tó fọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣí i.

Múfútáù bá agolo náà ní ilé wa. Ó máa ń fi lọ́rì kó ìrẹsì láti Ọ̀fàdà wá sí Abẹ́òkúta, ó sì mọ gbogbo ẹni tó ń wá ohun tí kò sí lọ́jà. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ agolo náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Agolo kan? Ìwọ tí wọ́n kó gbogbo àgbá sí lábẹ́ ọwọ́?"

"Kì í ṣe tèmi, Múfútáù."

"Mo mọ̀. Àwọn aláró Kémta ńkọ́? Àwọn ìyá wa ńkọ́? Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́, àwọn ìyá wa ń fi iyọ̀ pa aró. Ṣé olè lò ń pe ìyẹn? Àánú ni."

Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá fẹ́ wọlé sọ́dọ̀ ènìyàn, aṣọ tó dára ni yóò wọ̀. Ọ̀rọ̀ àánú yìí ni mo gbé wọ̀ bí ẹ̀wù. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo gba kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀, mo kọ orúkọ mi sínú ìwé bí ó ti yẹ, mo sì tẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọṣẹ tútù tí kò tíì le. Ọṣẹ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Múfútáù gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó mú kọ́kọ́rọ́ tuntun wá, ó sì ṣí àgádágodo náà láìhá.

Ó wá ku ọgbà. Lẹ́yìn sítọ́ọ̀, igbó ti bo wáyà, nítorí Bàbá Ṣóbándé ti kọ̀wé títí pé kí wọ́n bá wa ṣán an, wọn kò dá a lóhùn. Èmi ni ìhà ibẹ̀ máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Mo gé wáyà náà, mo tú u kúrò lára òpó méjì, mo sì fi okùn dúdú so ó padà, tí ẹni tó bá ń kọjá kò ní mọ̀. Lẹ́yìn náà, lójoojúmọ́, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ọgbà pé." Ọ̀rọ̀ méjì péré. N kò mọ iye ìgbà tí mo kọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Sunday ni a máa ń ṣiṣẹ́ yìí, nígbà tí ẹ̀rọ ń sinmi, tí Bàbá Ṣóbándé sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ó yí àgbá kan jáde gba ihò náà, Múfútáù a gbé e lọ, a pín in sínú agolo, a sì tà á. Orúkọ kò sí lára agolo wọ̀nyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àmì ìkìlọ̀ kankan.

Ìyá Rísíkà, ọ̀rẹ́ ìyá mi, ra ọ̀kan. Àbùlà ló ti mọ́ ọn lára láti máa lò, nítorí náà ó bù ú bí ó ti máa ń bù ú, ó da omi lé e lórí lójijì, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn láti rò ó pọ̀. Kọ́sítíìkì wa kò ní àbùlà. Ó hó, ó ta sókè, ó bọ́ sí i lójú.

Mo tẹ̀lé ìyá mi lọ kí i. Wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó yí orí sọ́dọ̀ mi.

"Ọkọ mi, ìwọ tí ò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Bí ó bá bọ́ sí ènìyàn lójú, kí ni wọ́n máa ń fi ṣe é?"

"Omi tútù ni, mà. Omi púpọ̀."

"Omi kẹ̀?" Ó fọwọ́ kan báńdéèjì náà. "Ṣebí omi náà ló ṣe mí báyìí."

Ojú náà kò ríran mọ́. Bí mo ti jáde nílé rẹ̀, n kò tilẹ̀ yà sílé. Mo lọ bá Múfútáù, mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó gbà. Ó ní kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i péré, àgbá púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó kó o lọ sí Ìbàdàn fún ẹnì kan tó ti ń retí rẹ̀, kí a sì fi ilẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Títí di òní, n kò lè ṣàlàyé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Ìyá Rísíkà dé ṣe gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárín àkókò yìí, mánéjà ti mọ̀ pé àgbá ń dín. Ó pe Bàbá Ṣóbándé sí ọ́fíìsì, ó ní ó ti darúgbó jù, olè ń gba abẹ́ imú rẹ̀ kọjá, òun yóò dá a dúró níparí oṣù. Nígbà tí Bàbá padà sí géètì, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Ẹni tó ń kó o mọ ọgbà yìí dáadáa," ó wí. "Mo ti ro gbogbo wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ nìkan ni n kò rò."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Ohun tí mo fi dá a lóhùn nìyẹn. Ẹ ṣeun.

Iléyá dé. Ilé iṣẹ́ yóò wà ní títì pa, aṣọ́nà méjì péré ni yóò kù, èmi sì jẹ́ ọ̀kan. Mo bẹ Bàbá pé kí ó jẹ́ kí n lọ kírun. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

"Lọ kírun, ọmọ mi. Onígbàgbọ́ lèmi, ọdún tèmi ṣì ń bọ̀. Lọ bá ìyá rẹ jẹ ẹran. Bí ẹnì kejì bá fẹ́, kí òun náà máa lọ. Èmi nìkan á tó o."

Mo kírun ní yídì pẹ̀lú gbogbo ìlú. Mo forí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò ṣòkòtò mi, ó ń gún mi nítan. Nígbà tí wọ́n pa àgbò tán, ìyá mi ní, "Níbo lò ń lọ? Ẹran kò tíì jinná." Mo ní mo ń bọ̀.

Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn ti wọ abẹ́ ìkùukùu, òjò ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ìtòrí. Múfútáù gbé lọ́rì dúró ní ọ̀nà oko lẹ́yìn ọgbà. A tú okùn, a wọlé, mo ṣí sítọ́ọ̀. A ti yí àgbá mẹ́rin jáde, a sì padà wá gbé ìkarùn-ún, nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Gbọ̀n. Gbọ̀n. Gbọ̀n.

Bàbá Ṣóbándé ń yí ọgbà ká. Kò sí ẹni tí yóò bá a ṣe ìhà tèmi lọ́jọ́ náà, òun ló wá ṣe é fúnra rẹ̀. Mo ń ka òpó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ó kan òpó tí mo tú wáyà lára rẹ̀, ìyẹn kò dún bí àwọn yòókù. Ó dákẹ́. Mo mọ ibi tó dúró sí, mo sì mọ ohun tó ń wò.

Ó yọ sí wa lẹ́nu ọ̀nà sítọ́ọ̀ nínú kákí rẹ̀ tó lọ̀. Múfútáù ni Bàbá kọ́kọ́ rí.

"Ta nìyẹn? Dúró níbẹ̀!" Ojú rẹ̀ wá bọ́ sí mi lára. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìwọ kọ́. Kì í ṣe ìwọ."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó wò mí títí. N kò rí ìbínú lójú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òkú ọmọ rẹ̀ hàn.

"Gbé kọ́kọ́rọ́ yẹn fún mi," ó wí. "Ẹ yí àwọn àgbá náà padà wọlé. Lọ́la, àwa méjèèjì la óò jọ dé iwájú mánéjà. Ìwọ yóò sọ ọ́ fúnra rẹ, èmi náà yóò bá ọ bẹ̀bẹ̀."

"Ẹ̀wọ̀n ló ń sọ yẹn!" Múfútáù kígbe. "Ó ti rí ojú wa!"

Bàbá kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi. "Mú un wá, ọmọ mi."

Àwọn ènìyàn máa ń ní Ṣàtánì ló ti ọwọ́ àwọn. N kò ní purọ́ mọ́ Ṣàtánì. Mo rí ara mi níwájú mánéjà. Mo rí ìyá mi tó gbọ́ ibi tí agolo wọ̀nyẹn ti wá. Mo rí Ìyá Rísíkà tó yí ojú rẹ̀ kan tó kù sí mi. N kò lè fara da kí wọ́n mọ̀ mí. Irin tí a fi ń ṣí àgbá wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e sókè, mo sì là á mọ́ ọn lórí.

Ó ṣubú sẹ́yìn, síta ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pá rẹ̀ yí lọ. Múfútáù sá gba ihò ọgbà, mo gbọ́ tí lọ́rì rẹ̀ gbéra. Mo kúnlẹ̀ ti Bàbá. Ojú rẹ̀ ṣí, ó ń wo òkè. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i níwájú orí. Ètè rẹ̀ mì.

"Òjò ń bọ̀," ó wí. "Ti ilẹ̀kùn náà."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ti ilẹ̀kùn náà. Kọ́sítíìkì àwọn àgbá tí a ti fi irin náà ṣí rí wà lára rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mi tó láàgùn, ó ń jó mi, n kò sì fiyè sí i. Mo gbé àgádágodo sí i, mo dán an wò bí ó ti kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo sá. Òjò rọ̀ láti ọ̀sán náà títí di ìrọ̀lẹ́, Bàbá nìkan ló sì wà níta.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi rí ọwọ́ mi. "Kí ló jó ọ?"

"Òróró gbígbóná ni."

Ó fi epo pa á. Ó bu ẹran fún mi, ó bu èyí tó dára jù. Mo jẹ ẹ́.

Àwọn ọlọ́pàá dá lọ́rì Múfútáù dúró ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lójú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n bá àgbá mẹ́rin tí àmì ilé iṣẹ́ wa wà lára wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dárúkọ mi. Wọ́n wá bá mi ní Kémta. Ọ̀kan nínú wọn kò bi mí ní ohunkóhun. Ó kàn ní, "Tẹ́ ọwọ́ rẹ." Mo tẹ́ ẹ.

Ní kọ́ọ̀tù, wọ́n gbé agolo mílíìkì kan fún ìyá mi, wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó mú un, ó yí i po. "Mo mọ̀ ọ́n," ó wí. "Mo ṣàdúrà fún un lórí rẹ̀." Kò wo ibi tí mo dúró sí. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti fọ́ àwọn ìkòkò aró rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ti máa funfun báyìí. N kò tíì rí i.

Ẹni tó wá wò mí lẹ́wọ̀n ni ìyàwó Bàbá Ṣóbándé. N kò mọ bí wọ́n ṣe gbà fún un. Ìyá arúgbó kékeré ni. Ó jókòó sí òdìkejì irin.

"N kò wá bá ọ jà. Ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ǹjẹ́ ó sọ nǹkan kan kí ó tó lọ?"

"Ó sọ̀rọ̀, mà. Ó ní òjò ń bọ̀, kí n ti ilẹ̀kùn."

Ó gbé ìborùn bo ẹnu. Mo rò pé yóò fi mí ré. Ó mi orí. "Òun náà nìyẹn," ó wí. "Òun náà nìyẹn." Ó dìde, ó sì lọ. Kò ṣépè fún mi rárá. Ì bá sàn fún mi kí ó ṣépè.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ ọ̀pá rẹ̀. Kì í ṣe lójú àlá. Ní ọ̀sán, nígbà tí gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n bá parọ́rọ́, n óò gbọ́ tí yóò máa bọ̀ lẹ́yìn ògiri, gbọ̀n, gbọ̀n, ní ìwọ̀n bó ṣe máa ń rìn. Bí ó bá dé ẹ̀gbẹ́ yàrá mi, a dúró. Mo ti bi ẹni tó wà ní yàrá kejì bóyá ó ń gbọ́ ọ. Ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Wọ́ọ̀dà kan tó ń gba ọ̀nà Èkó kọjá sọ fún mi pé wọ́n ti mọ ògiri gíga yí ilé iṣẹ́ náà ká, wọ́n ti ṣán igbó ẹ̀yìn rẹ̀, aṣọ́nà méjì ló sì gbọ́dọ̀ jọ mú kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ báyìí. Inú mi dùn sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́, arúgbó kan ti kọ gbogbo rẹ̀ fún yín tẹ́lẹ̀. Ẹ máa ka ìwé tí aṣọ́nà bá kọ. Ẹ sì máa yẹ aṣọ́nà náà wò. Ẹni tí ẹ kò yẹ̀ wò rí, ẹ kò ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo tìtorí yín kọ ọ́. N kò ní kí ẹ má jalè, gbogbo ènìyàn ló ti sọ ìyẹn fún yín. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, bí ẹ bá ti ṣe èyí tó kéré, tí ẹnì kan sì na ọwọ́ sí yín pé kí ẹ wá jẹ́wọ́, ẹ dìde tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lé yín níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín sunkún. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò máa fi ìka tọ́ka sí yín bí ẹ bá ń kọjá. Ìtìjú kì í pa ènìyàn. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, mo mọ ohun tó ń pa ènìyàn.